Ìlọrin dé Òmù-Àrán lẹ́sẹ̀ nínú òjò: ẹrù kílò 17 àti ohun tó ṣẹ́kù nínú ẹ̀

Sunday, 1 September 2024, alẹ́ ìdirù

Kí n tètè sọ ìdí ẹ̀, torí gbogbo ẹni tá a pàdé lọ́nà ló béèrè. Àbúrò mi ọkùnrin rí ilé-ẹ̀kọ́ gbà á ní Scotland, kò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mọ́ tó máa lọ, àwọn tí wọ́n jọ máa wà ní kíláàsì sì ti ń sọ ọ́ lórí WhatsApp pé àwọn máa rin ọ̀nà kan tó ń jẹ́ West Highland Way kí October tó tán. Kìlómítà 154 ni ọ̀nà yẹn, láti Milngavie lẹ́bàá Glasgow títí dé Fort William, ẹ̀gbẹ́ adágún, orí òkè, àti pápá gbalasa kan tí kò sígi téèyàn lè sá sí abẹ́ ẹ̀, òjò ibẹ̀ sì lè bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀ kó má dá títí ilẹ̀ fi máa ṣú. Ó ní òun máa bá wọn lọ. Èmi tí mo mọ̀ pé láti Gáà-Akanbí dé Post Office ọ̀kadà ló ń gùn, mo ní ó dáa, jẹ́ ká kọ́kọ́ dán báàgì yẹn wò nílé. Họlidé la ṣì wà ní school tí mo ti ń kọ́ni, òjò September náà sì wà nílẹ̀, ẹnì kan ò gbowó ẹ̀ lọ́wọ́ wa.

Ó kó ẹrù jáde. Jíǹsì méjì, húùdì onírun tó nípọn bíi tìmùtìmù, jákẹ́ẹ̀tì oníyẹ́ pẹ́pẹ́yẹ tó rà lọ́dọ̀ àwọn olókìríkà ní ₦9,000 tó ń fi yangàn kiri ilé, bùútù tuntun, tẹ́ǹtì tó yá, agbòjò, pawabáǹkì méjì, gàrí kóńgò mẹ́ta, àti ìwé ńlá kan tí mi ò mọ ìgbà tó fẹ́ kà á. A gbé e lọ síbi táwọn tó ń ra irin àlòkù wà lẹ́yìn ilé wa, wọ́n gbé e kọ́ òṣùwọ̀n wọn. Kílò 17. Òun fúnra ẹ̀ ò ju 64 lọ. Ohun táwọn arìnrìn-àjò máa ń sọ ni pé kí ẹrù má ju ìdá kan nínú márùn-ún ara ẹni tó gbé e, ìyẹn bíi 13 fún un, mo sọ fún un, ó ní "Àǹtí, ẹ fi mí sílẹ̀, mo lágbára."

Màmá wa ń wò wá látorí àga. Ó ti ta èlùbọ́ fún ọgbọ̀n ọdún ó lé, kò sí ohun tójò ò fi ojú ẹ̀ rí. Ó wo ráínkọ́fà aláwọ̀ òféfèé tí àbúrò mi fẹ́ fi bo báàgì, ó ní, "Ẹ̀yìn àpò lo fi ọ̀rá sí? Inú ni wọ́n ń fi í sí. Omi á wọlé, kò sóhun tó lè dá a dúró, kó ṣáà má dé ìdí èlùbọ́." Ó dìde, ó mú ọ̀rá èlùbọ́ ńlá méjì wá, èyí tó nípọn tí wọ́n máa ń tẹ́ sínú àpò kí wọ́n tó da èlùbọ́ sí i. Mo tẹ́ tèmi sínú báàgì, mo kó gbogbo aṣọ mi sínú ẹ̀, mo lọ́ ọrùn ẹ̀ pọ̀, mo ká a sísàlẹ̀. Àbúrò mi fi tiẹ̀ wé bàtà. Mo bá a jà díẹ̀, mo já ọ̀rá kékeré kan lé e lọ́wọ́, mo ní ó kéré tán kó fi aṣọ tó máa fi sùn sínú ẹ̀, kò fẹ́, ó ṣe é torí kí n lè dákẹ́.

Tèmi, kílò 8. Aṣọ ìrìn kan, aṣọ oorun kan, ìbọ̀sẹ̀ mẹ́ta, híjáàbù méjì, ẹní ìkírun, òrí, oògùn, fóònù àti nǹkan ìjẹ díẹ̀.

Ọjọ́ kìíní, Monday 2 September: Ìlọrin sí Ìdòfìàn

A kírun Sùbúhì tán, a gbéra. Títí dé Gánmọ̀ kò sí nǹkan kan tó dùn nínú ìrìn yẹn, mọ́tò, eruku tó ti di ẹrẹ̀, tírélà tó ń ta omi séèyàn lára. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá fẹ́ rìn ín, ẹ rìn lápá ibi tẹ́ ẹ máa kojú mọ́tò tó ń bọ̀, ẹ má kẹ̀yìn sí wọn. A jẹ àkàrà àti ẹ̀kọ gbígbóná ₦800 àwa méjèèjì, ìyá alákàrà wo báàgì lẹ́yìn àbúrò mi títí ó fi ní, "Kí lẹ ń tà?" Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn. Kó tó dọ̀sán a ti gbọ́ ọ tó ìgbà mẹ́rin. Ẹnì kan ní ṣé mọ́tò wa ló bàjẹ́, ó fẹ́ gbé wa lọ́fẹ̀ẹ́, nígbà tá a ní rárá, ó wò wá bí ẹni tó ń wo aláìsàn, ó ní "Ọlọ́run á ṣe é ní rọ̀rùn o."

Òjò wínníwínní bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn Amóyọ̀. Àbúrò mi ti wọ ráínkóòtù láti ilé, ó fà á sókè dé ọrùn, húùdì wà nísàlẹ̀ ẹ̀. Nígbà tá a jókòó sinmi tó bọ́ ọ, ó tutù rin látinú, òjò ò sì tíì dénú ẹ̀. Òógùn ara ẹ̀ ni. Ráínkóòtù ń dá omi ojú ọ̀run dúró, ó sì ń dá ti ara náà dúró, tó o bá wá lọ jókòó sínú afẹ́fẹ́ pẹ̀lú òógùn yẹn, ibẹ̀ lòtútù ti ń bẹ̀rẹ̀. Ohun tí mo rí i pé ó dáa ni kéèyàn fi òtútù díẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìrìn, kó bọ́ aṣọ kan kí ara tó gbóná, kó sì ṣí ọrùn àti abíyá ráínkóòtù sílẹ̀ tójò ò bá le.

Bùútù tuntun yẹn náà ṣe tiẹ̀. Gìgísẹ̀ ẹ̀ ti lé ìléròrò kó tó di pé a rí Ìdòfìàn. Mo ti fi òrí pa gbogbo ẹsẹ̀ mi láàárọ̀, àárín ọmọ ìka, gìgísẹ̀, gbogbo ẹ̀, mo ní kóun náà pa á, ó ní òrí ń rùn. Òrí ₦500 péré ni o, tí kì í jẹ́ kí ìbọ̀sẹ̀ máa họ ẹsẹ̀. A fi abẹ́rẹ́ tá a ti yan lórí iná lu etí ìléròrò, omi ẹ̀ jáde, a ò bó awọ ẹ̀, a lẹ pílásítà mọ́ ọn.

Ọ̀dọ̀ ìyá ẹni tá a jọ ń kọ́ni la sùn. Mo ti pè wọ́n ṣáájú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú èyí, pàápàá obìnrin, kó ti mọ ilé tó máa sùn kó tó kúrò nílé, kó má rìn lálẹ́ rárá, kó sì bèèrè bí ọ̀nà ṣe rí lọ́wọ́ àwọn ará ibẹ̀ láràárọ̀, torí ìlú ò rí bó ṣe rí tẹ́lẹ̀. Òfin tiwa ni pé aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ò gbọ́dọ̀ bá wa lójú títì. Màmá yẹn ro àmàlà fún wa, wọ́n da gbẹ̀gìrì sí i, wọ́n kó bùútù lọ́wọ́ àbúrò mi, wọ́n ki ìwé ìròyìn sínú ẹ̀, wọ́n gbé e sí ìtòsí ààrò, kò sún mọ́ ọn jù, wọ́n ní tó bá sún mọ́ ọn gọ́ọ̀mù ẹ̀ á yọ́. Mo fún wọn lówó láàárọ̀, wọ́n ní ṣé ilé oúnjẹ ni mo rò pé mo wọ̀ ni.

Ọjọ́ kejì, Tuesday 3 September: Ìdòfìàn sí Àjàṣẹ́-Ìpo

Ojú títì dùn ju tàná lọ. A kọjá ọgbà NCAM, ibi tíjọba àpapọ̀ ti ń ṣe ìwádìí ẹ̀rọ oko, lẹ́yìn náà oko àgbàdo àti pákí lọ́tùn-ún lósì, koríko ti ga ju èèyàn lọ. Nǹkan bí aago mẹ́wàá làwọn ọlọ́kadà tó dúró ní ìkóríta kan ń pariwo, wọ́n ní epo ti gbéra, 617 tí wọ́n ń tà á nílé epo ìjọba ti di 855 lójijì, ibòmíì ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀kan nínú wọn rí wa, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ̀yin lẹ gbọ́n, ẹ ti mọ̀ láti àná." Inú àbúrò mi dùn sí ọ̀rọ̀ yẹn fún bíi wákàtí kan.

Lẹ́yìn náà ni ojú ọ̀run ṣú láti apá ìlà-oòrùn. Mi ò ní purọ́, mo ti rí òjò rí, ṣùgbọ́n inú ilé ni mo máa ń wà. Atẹ́gùn ló kọ́kọ́ dé. Agbòjò yí padà, irin ẹ̀ méjì ṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Tírélà kan kọjá, afẹ́fẹ́ ẹ̀ gba abẹ́ ráínkọ́fà báàgì àbúrò mi wọlé, ó já a, ráínkọ́fà aláwọ̀ òféfèé ₦4,000 ń fò lọ sínú oko pákí bí àsá. Ó fẹ́ sá tẹ̀ lé e, mo dì í mú. Eji ò bẹ́nìkan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji bá leji ń pa, àwa ló bá.

Ó rọ̀ fún wákàtí méjì. Omi gba ẹ̀yìn ọrùn lọ sẹ́yìn báàgì, ó gba ibi okùn èjìká, ó gba ojú síìpù. Nígbà tá a fi máa dé Àjàṣẹ́, báàgì ẹ̀ ti wúwo tó bẹ́ẹ̀ tó fi ń rìn bí ẹni tó pọn ọmọ méjì. A rí yàrá kan ₦6,000, kò síná, omi wà nínú dúrọ́ọ̀mù. A tú ẹrù. Jíǹsì kan ṣoṣo tó bá fún, omi ẹ̀ á kún ìdajì báàfù. Húùdì, bẹ́ẹ̀ náà. Ti jákẹ́ẹ̀tì ₦9,000 ló dùn mí jù, gbogbo ìyẹ́ inú ẹ̀ ti dì pọ̀ sísàlẹ̀, òkè ẹ̀ ṣófo, ẹ ti rí adìẹ tó bọ́ sínú kànga rí? Bó ṣe rí nìyẹn. Ìyẹ́ pẹ́pẹ́yẹ móoru gan-an tó bá gbẹ, kò sóhun tó fúyẹ́ tó o, ṣùgbọ́n tí omi bá ti wọ̀ ọ́, afẹ́fẹ́ tó ń gbé sáàárín ìyẹ́ ẹ̀ á lọ, òtútù ló kù. Òwú náà ò dáa nínú òjò, á mu omi bíi kànìnkànìn, kò ní gbẹ, á wá máa fa ooru ara ẹni jáde. Wúùlù ń gbìyànjú tó bá tiẹ̀ tutù. Jẹ́sì bọ́ọ̀lù, àwọn pọlíẹ́sítà wọ̀nyẹn, ń gbẹ kíákíá lára.

Mo ṣí báàgì tèmi. Omi wà nísàlẹ̀ ẹ̀ lóòótọ́, ó tó ife kan. Mo ṣí ọ̀rá. Gbogbo ẹ̀ gbẹ. Ẹní ìkírun mi gbẹ táútáú. Ti àbúrò mi, ọ̀rá kékeré tí mo fi ìjà fún un nìkan ni kò tutù, aṣọ oorun ẹ̀ wà níbẹ̀, ó gbé e wọ̀, ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ó wá gbóòórùn ọwọ́ aṣọ ẹ̀.

"Àǹtí, mò ń rùn èlùbọ́."

"Èmi náà."

Nígbà tílẹ̀ mọ́, a kó tẹ́ǹtì, jíǹsì, húùdì, ìwé, agbòjò tó ṣẹ́ àti pawabáǹkì kan fún awakọ̀ kan tó ń lọ Ìlọrin. ₦1,000 ló yẹ kó gbà, ó ní ₦2,000, ó ní ẹ̀yin náà ẹ gbọ́ news. A ò mọ̀ ọ́n rí. Ó gbé e dé ẹnu ọ̀nà ilé wa o, màmá pè wá lọ́sàn-án, wọ́n ní irú ẹrù wo lẹ kó ránṣẹ́ tó ń kán omi sí mi ní pálọ̀.

Ọjọ́ kẹta, Wednesday 4 September: Òró àti Èsìẹ́

Ìrìn ò pọ̀ lónìí. Ní Òró, àbúrò mi ra jẹ́sì bọ́ọ̀lù okìríkà ₦1,500 àti ṣòkòtò tírákì ₦2,000, ó tún ra ọ̀rá dúdú tó nípọn ₦300, kò sẹ́ni tó rán an. Ó tẹ́ ọ̀rá màmá sínú báàgì, ó fi ọ̀rá dúdú sínú ọ̀rá màmá. Mi ò sọ nǹkan kan. Ó tún ẹrù tò, gàrí tó wúwo jù ó gbé e sí àárín, kó fara ti ẹ̀yìn ẹ̀, aṣọ wà nísàlẹ̀, ráínkóòtù lókè níbi tọ́wọ́ ti máa tètè tó o. Ó wá mọ ìlò ìgbànú báàgì náà, ẹ gbọ́, ìgbànú yẹn kì í ṣe ẹ̀ṣọ́, tẹ́ ẹ bá dì í mọ́ egungun ìbàdí, ìbàdí ló máa gbẹ́rù, èjìká á sinmi.

Ọ̀sán la dé Èsìẹ́. Mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi nípa ibẹ̀ fún ọdún mẹ́fà, mi ò débẹ̀ rí, ìtìjú ńlá. Mùsíọ́mù àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà ni, 1945 ni wọ́n ṣí i. Ère òkúta tó lé ní 800 ló wà níbẹ̀, òkúta rírọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní soapstone ni wọ́n fi gbẹ́ wọn, ìtàn ìlú sì ni pé èèyàn ni wọ́n tẹ́lẹ̀ tí wọ́n di òkúta. Ọ̀pọ̀ wọn ló dé fìlà tàbí tí wọ́n dirun, òmíràn mú ohun ìjà dání, òmíràn ní ilà lójú. Èyí tó wọ̀ mí lọ́kàn jù ni pé orí àpótí lọ̀pọ̀ wọn jókòó sí, wọ́n jókòó pẹ̀sẹ̀, mi ò sì rí ẹyọ kan tó gbé ẹrù. Àbúrò mi dúró síwájú wọn, ó ń fi ẹsẹ̀ kan sinmi, ó ní "Àwọn wọ̀nyí mọ nǹkan tí wọ́n ń ṣe."

Ìyá kan tó ta ìrẹsì fún wa níta béèrè ibi tá a máa sùn, a ní ibi tá a ti ṣètò tẹ́lẹ̀ ti yẹ̀, ó ti ìsọ̀ ẹ̀, ó mú wa lọ sọ́dọ̀ ìyá ẹ̀. Ó kọ́kọ́ mú wa gba ọ̀dọ̀ àwọn fijilanté, kí wọ́n rí ojú wa. Ìyá arúgbó yẹn béèrè ohun tá à ń tà.

Ọjọ́ kẹrin, Thursday 5 September: Èsìẹ́ sí Òmù-Àrán

Ọjọ́ tó gùn jù, òjò ló sì gbà á. Ó bẹ̀rẹ̀ ní bíi aago mẹ́wàá, kò le, kò dá, atẹ́gùn ń darí ẹ̀ sí wa lójú. Aṣọ ara wa tutù, ìyẹn ò ṣe nǹkan kan, tèèyàn bá ti ń rìn ara á gbóná. Àṣìṣe tá a ṣe ni pé a dúró. Okùn báàgì mi já, a sì lo bí ìṣẹ́jú márùndínlógójì lábẹ́ igi kan tí à ń rán an, nínú atẹ́gùn, pẹ̀lú aṣọ tútù lára.

Nígbà tá a gbéra, mo rí i pé àbúrò mi ń gbọ̀n. Mo ní kó jẹ kúlíkúlí, ó ní rárá. Ó kọsẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú. Mo bi í léèrè nǹkan, ó dá mi lóhùn, ọ̀rọ̀ ẹ̀ ń lọ́ bí ẹni tí oorun ń kùn. Àyà mi já. Mo ní "Kí ló dé tó ò jẹun láti àárọ̀?" Ó dákẹ́. Ó wá ní Thursday ni, òun gbààwẹ̀.

Ààwẹ̀! Pẹ̀lú ẹrù lẹ́yìn nínú òjò! Mi ò tiẹ̀ mọ ohun tí mo sọ fún un. Arìnrìn-àjò ni wá, ẹ̀sìn fúnra ẹ̀ ti fún un láyè kó má gbà á.

Àtíbàbà ìyá elépo kan ló wà níwájú, ó ń se epo pupa lábẹ́ páànù. Mi ò kí i dáadáa, mo ní ẹ jọ̀ọ́ Màámi, òtútù ń mú ọmọ yìí. Ìyá yẹn ò bi wá ní ohun tá à ń tà o. Ó ní kó bọ́ gbogbo aṣọ tútù, kó má tijú, ó kẹ̀yìn sí i. Àbúrò mi tú báàgì, ó tú ọ̀rá, ó tú ọ̀rá kejì, aṣọ oorun ẹ̀ gbẹ, ìbọ̀sẹ̀ ẹ̀ gbẹ. Ó wọ̀ wọ́n, ìyá fi ìró kan wé e, ó po ògì gbígbóná, ó da ṣúgà sí i títí mo fi ń ṣàánú ṣúgà. Ó mu ife mẹ́ta. Kò jẹ́ kó nawọ́ síná ní tààrà, ó ní kó jẹ́ kí ara fúnra ẹ̀ gbóná láti inú. Ó tó wákàtí kan kí gbígbọ̀n tó dá, kó tó wá bẹ̀rẹ̀ sí í da mí lóhùn bó ṣe máa ń dá mi lóhùn.

Ẹ rántí pé Kwara nìyí o, kì í ṣe ibi yìnyín. Omi, atẹ́gùn àti ebi tó. Ní Scotland ní October, á tún yá ju báyìí lọ. Tẹ́ ẹ bá rí ẹni tó ń gbọ̀n, tó ń kọsẹ̀, tí ẹnu ẹ̀ ń wúwo, ẹ má bá a jiyàn, òun ò ní mọ̀, ẹ wá ibi tí afẹ́fẹ́ ò dé, ẹ bọ́ aṣọ tútù, ẹ wọ èyí tó gbẹ fún un, ẹ fún un ní nǹkan aládùn tó gbóná mu. Ìdí nìyẹn tí ẹnì kan ò gbọ́dọ̀ fi aṣọ oorun ẹ̀ rìn lójú ọ̀nà, bó ti wù kí aṣọ ìrìn ẹ̀ tutù tó.

Ìyá ò gba owó. A ra epo ìgò méjì lọ́wọ́ ẹ̀ ní tipátipá, ìyẹn tún di kílò méjì sí i, èmi ni mo gbé e.

Agogo mẹ́rin ààbọ̀ ti lù, a ò tíì dé. Òfin ni òfin. A gun ọ̀kadà wọ Òmù-Àrán, ₦1,500 ẹnì kọ̀ọ̀kan, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé mo ní a rin gbogbo ẹ̀. Àbúrò mi ní òun ò ní ka apá yẹn mọ́ ti òun, mo ní kò sẹ́ni tó ń kà á.

Friday 6 September, Òmù-Àrán

Ẹsẹ̀ ń dùn mí látorí ìka dé orúnkún. Kó tó di pé a lọ gáréèjì, àbúrò mi ní ká dúró síbi tí wọ́n ti máa ń ra kajú. Àsìkò kajú ti lọ, òṣùwọ̀n wọn kàn so rọ̀ sórí igi, ọkùnrin kan jókòó tì í, ó ń gbọ́ rédíò. Àbúrò mi bẹ̀ ẹ́, ó gbé báàgì kọ́ ọ. Kílò 9 ààbọ̀.

Ọkùnrin náà fọwọ́ kan ìdí báàgì, ó gbọ́ bí ọ̀rá ṣe ń dún nínú ẹ̀, ó wá sún mọ́ ọn, ó gbóòórùn ẹ̀.

"Ẹ̀n-ẹ́n," ó ní, "èlùbọ́. Èló lẹ ń ta kóńgò ẹ̀?"